Ìgbà Ìrúwé Tí Mo Lọ Mú Ẹ̀gbọ́n Mi Wálé

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ìsẹ́yìn ni ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ ní ara mi tún ṣe, ẹ ní awọ mi ń dán, ẹ ní kí n wá ròyìn ìlú òyìnbó, bí ẹni pé mo di gbogbo Amẹ́ríkà sí ẹnu tí mo kàn ń ṣahun ni. Mo ti fi ẹ̀rín dá yín lóhùn títí, ẹ̀rín náà ti sú mi. Tíṣà ni mí, bí mo tilẹ̀ ti fẹ̀yìntì, n kò sì mọ bí a ti ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ká fi ìdajì sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ọkọ̀ bọ̀gìnnì àti ilé ńláńlá, kó lọ bi àwọn tó lọ ṣe fàájì. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ mú bọ̀, ọwọ́ òfo ni mo sì mú dé.

Ẹ̀yin àgbà inú yín mọ Àǹtí Rábì. Rábíátù Àbẹ̀ní, àkọ́bí bàbá wa awunṣọ. Ìyá wa kì í gbélé nítorí ọjà Òkèhò àti ti Ṣakí tó ń ná, nítorí náà ẹ̀yìn Àǹtí Rábì ni mo gbé dàgbà. Wọ́n bá ọkọ wọn lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́. Ọkọ náà kú sọ́hùn-ún, ó ku àwọn àti Kabíru, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Kabíru yìí ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Mọ́mì ò gbọ́ English mọ́."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí wọn kò tíì bí i? Ìgbà yẹn ló wá là mí lóye pé àìsàn ìgbàgbé kan ń jẹ ìyá òun díẹ̀díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ jẹ, Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Kabíru ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ wá jẹun" lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń túmọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún yín. Ìyá àti ọmọ wà nínú ilé kan ṣoṣo, wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè bá ara wọn sọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Igi òkú

Ìparí òtútù ni mo débẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú, obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ní kí n tú ìborùn mi, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé gíga méjì yẹn ní New York, ojú tí wọ́n fi ń wo Mùsùlùmí ti yàtọ̀. Mo tú u. Orí ewú mi hàn sí gbogbo ayé. Ó wo abẹ́ ìborùn, kò rí nǹkan kan, ó ní "Thank you, ma'am," pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ìwà tí mo kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ wọn nìyẹn: wọ́n lè dójú tì ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣàì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Kabíru wá fi mọ́tò gbé mi. Igi ni mò ń wò ní gbogbo ojú ọ̀nà. Igi pọ̀ lọ súà, kò sì sí ewé kan lórí ọ̀kan nínú wọn.

Mo ní, "Kabíru, ṣé iná ló jó igbó yín ni?"

Ó ní, "No, Àǹtí, winter ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò gé wọn fi dáná?"

Ó rẹ́rìn-ín. "They're not dead. Ẹ wait, Àǹtí. Ẹ máa rí i."

N kò gbà á gbọ́. Mo mọ igi tó wọ́wé nígbà ọyẹ́, mo sì mọ igi tó ti kú. Àwọn yẹn dúdú, wọ́n gbẹ, ìmúlẹ̀mófo. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ò mọ igi, kó sáà máa wa mọ́tò rẹ̀.

Mitchellville

Mo ti rò pé òyìnbó ni màá bá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé àwọn ará Mitchellville, ìlú tí Kabíru ń gbé, dúdú bíi tèmi. Ilé wọn tóbi, koríko iwájú ilé wọn sì gé dọ́gba bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Inú ilé ni wọ́n ti ń bọ́ sínú mọ́tò, mọ́tò a yọ jáde, ilẹ̀kùn a dé ara rẹ̀, àdúgbò a tún dákẹ́ bí ìgbà tí ayé ti parẹ́. Bí o bá ṣe kòńgẹ́ ẹnì kan, á ní "How you doing?" Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo dúró, mo ní a dúpẹ́, ara le, mo béèrè aya, mo béèrè ọmọ. Kí n tó dé orí ọmọ, onítọ̀hún ti kọjá lọ. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n. Wọ́n kàn ń béèrè ohun tí wọn kò dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré ju ìtàn lọ. Ọjọ́ tí mo dé, Àǹtí Rábì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń ká aṣọ ìnujú kan, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a. Wọ́n ti rù. Ọrùn wọn tí mo mọ̀ tó kún rọ̀bọ̀tọ̀ ti di tínrín. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, "Àǹtí Rábì, èmi rèé o. Àjọkẹ́ yín."

Wọ́n wò mí bí ènìyàn ti í wo ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì, wọ́n sì padà sí ìnujú wọn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí Kabíru fi wá fà mí dìde.

Kò sí ohun tí n kò dán wò ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo pe oríkì wọn. Mo sọ̀rọ̀ òfì bàbá wa, mo sọ̀rọ̀ òkè Ẹbẹdí, mo sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ewúrẹ́ ìyá wa jẹ ìwé ìdánwò wọn. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n fèrèsé ni wọ́n ń bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lónìí, méjì lọ́la, tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ìrun nìkan ni kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí àkókò bá ti tó, wọn á dìde, wọn á ṣe àlùwàlá bó ti tọ́, èmi pẹ̀lú wọn á tò léjìká, wọn kì í sì í ṣi ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá ń gbọ́ ohùn wọn nínú ìrun, mo máa ń rò pé wọ́n ti padà dé. Tí a bá sálámà tán, tí ìrun parí, tí mo bá yíjú sí wọn, wọn á ti tún lọ.

Kabíru ló wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún mi. Ìyá rẹ̀ ti jáde lọ nínú yìnyín lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aṣọ oorun, ọlọ́pàá ló mú wọn padà. Wọ́n ti gbé ìkòkò òfìfo kaná títí ilé fi kún fún èéfín. Òun kò sì lè ṣàì lọ síbi iṣẹ́. Ó ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, àyè yóò sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ tí ooru bá bẹ̀rẹ̀.

Mo fò dìde. Mo ní, "Ilé arúgbó kẹ̀? Ìyá tó bí ọ? Nígbà tí a ò tíì kú tán ní Ìsẹ́yìn?" Mo sọ̀rọ̀ débi tí mo fi gbàgbé pé kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Nígbà tí mo máa wojú rẹ̀, omi ló ń dà lójú ọmọkùnrin ńlá.

Ó ní, "Àǹtí, tí Mọ́mì bá sọ ọ́ fúnra wọn pé àwọn fẹ́ bá yín lọ sílé, màá jẹ́ kí wọ́n lọ. I swear. But I can't put her on a plane with somebody she doesn't know."

Ẹnì kan tí wọn kò mọ̀. Èmi ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló pa. A jọ fẹnu kò sí i: tí wọ́n bá mọ̀ mí, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ń bá mi lọ, a jọ ń bọ̀ wálé nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé arúgbó ni. Láti ọjọ́ náà, n kò ní iṣẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà ju kí n gba gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn lẹ́nu wọn.

Nínú ọgbà

Ọgbà ìjọba kan wà ní ìlú tí kò jìnnà sí wa, ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́. Dókítà ti ní kí a máa mú Àǹtí Rábì jáde bí òtútù bá ti dẹwọ́, nítorí náà Kabíru a máa gbé wa lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, kò sí ohun tí ènìyàn ń wò níbẹ̀. Ilẹ̀ tútù, igi wà ní ìhòòhò, àga onípákó wà kiri bí ìgbà tí wọ́n ń retí ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò wá.

Nígbà tí a tún máa padà lọ, òdòdó kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ti yọrí láti inú ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bomi rin wọ́n. Lẹ́yìn náà, òmíràn tó rí bí ife, pupa fòò, tò lọ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Ó wá kan àwọn igi tí mo ti pè ní òkú. Kí wọ́n tó yọ ewé ni wọ́n ti yọ òdòdó, òmíràn funfun báláú, òmíràn pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, òdòdó bo ẹ̀ka débi pé o kò ní rí igi mọ́. Mo dúró lábẹ́ ọ̀kan, mo la ẹnu sílẹ̀.

Kabíru ní, "I told you, Àǹtí."

Mo ní ó sọ fún mi lóòótọ́.

Ẹ wá wo àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń jáde! Ẹ̀wù mẹ́ta ló ṣì wà lọ́rùn mi, àwọn ọmọ wọn ti bọ́ sí ṣòkòtò péńpé. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí koríko, wọ́n sùn lé e, wọ́n kọjú sókè. Oòrùn tí àwa ń sá fún ni wọ́n ń sá ara wọn sí bí ẹni ń sá èlùbọ́. Ajá wọ ẹ̀wù. Ọ̀kẹ́rẹ́ rìn wá síbi ẹsẹ̀ mi, ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní Ìsẹ́yìn, ìkòkò ọbẹ̀ ni ìbá ti wà nígbà yẹn. Àwọn tí kì í dúró kí ara wọn ní àdúgbò ń kí ara wọn níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń dúró díẹ̀ gbọ́ èsì. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ni.

Ó yẹ kí inú mi dùn. N kò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, bóyá n kò sì ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí òdòdó ti ń pọ̀ sí i ni ìbànújẹ́ mi ń pọ̀ sí i. Lójoojúmọ́ ni nǹkan tí mo rò pé ó ti kú ń jí lójú mi. Igi jí. Koríko jí. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú adágún jí, wọ́n ń pariwo. Ẹni tó pọ̀n mí jókòó sáàárín gbogbo rẹ̀ lórí àga onípákó, wọ́n ń ká ìnujú wọn. Mo bínú sí àwọn òdòdó yẹn. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe o. Lọ́jọ́ kan, mo já odidi ẹ̀ka kan, mo fi lu ara igi náà títí òdòdó rẹ̀ fi tán, mo sì wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan rí mi.

Yánrin

Ẹnì kan rí mi. Ìyá àgbà dúdú kan ni, ará ibẹ̀, tó máa ń jókòó sórí àga tó kọjú sí tiwa. Miss Loretta ni wọ́n ń pè é. Kò bá mi wí. Ó kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga rẹ̀, ó fi ọwọ́ lu pákó, ó ní kí n wá jókòó. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Àǹtí Rábì fún un, ó sì gbọ́ ọ tán láìwo aago. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi dùn bíi ti ayaba. Mo ní ayaba wo, tíṣà ni mí.

Láti ìgbà náà ló ti ń bá wa jókòó. Ó mọ́ Àǹtí Rábì lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ́ kó bá wọn ká ìnujú. Ẹ wo ayé: wọ́n gba àlejò pátápátá láàyè, èmi ọmọ ìyá wọn ni wọ́n ń fa ọwọ́ yọ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀fọ́ yánrin. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní yánrin, nínú ọgbà ìjọba, ní Amẹ́ríkà! Ewé náà nà sílẹ̀ gbalaja, etí rẹ̀ rí gánnagànna bí eyín ayùn, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè sì wà láàárín rẹ̀. Mo já a, oje funfun jáde. Mo fi kan ahọ́n, ó korò. Kí ni mo tún ń wádìí? Ọbẹ̀ yánrin ni Àǹtí Rábì fẹ́ràn jù láyé, ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọ́n lè torí rẹ̀ bá ènìyàn jà. Mo ká etí ìborùn mi bí àpò, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń já a. Ìborùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ọgbà dé bá mi. Ó ní, "Ma'am, a kì í já nǹkan níbí."

Mo ní ewéko ni, oúnjẹ ni.

Ó ní èpò ni wọ́n kà á sí, àwọn ń bọ̀ wá fín in ní oògùn kó lè kú, nítorí náà kí n má gbé e sẹ́nu.

Ẹ gbọ́! Yánrin ni wọ́n ń fín ní oògùn. Mo ti fẹ́ máa bá a ṣe tíṣà nígbà tí Miss Loretta dá sí i. Ó ní kò burú, ọmọ mi, a ti gbọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní ìyá ìyá òun ní Carolina máa ń se ewé yìí ní gbogbo ìgbà ìrúwé, ẹ̀yìn ilé òun sì kún fún un, ẹnikẹ́ni kò fín nǹkan kan síbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹta ló gbé e wá, ó kún àpò méjì, ó ti ṣà á, ó ti fọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rí i, àlejò tí kò gbọ́ èdè wa ṣe ohun tí ọmọ ìyá máa ń ṣe.

Irú ló kù. Kabíru gbé mi lọ sí Langley Park, níbi tí àwọn àlejò ilẹ̀ gbogbo ti ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó fara kan ara. Mo bá èlùbọ́, mo bá epo pupa, mo bá irú tó ti gbẹ nínú ọ̀rá, ó le bí òkúta. Mo rẹ ẹ́ títí. Mo bọ yánrin, mo fún un, mo ta ata sí i, mo da ègúsí lé e. Bí mo ti ń rò ó ni àdúrà ń bọ́ lẹ́nu mi. Kì í ṣe yánrin wa gan-an, kí n má purọ́. Ó korò jù ú lọ, ó sì tètè rọ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ni.

Mo gbé e síwájú Àǹtí Rábì. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé ìnujú sílẹ̀. Wọ́n wẹ ọwọ́. Wọ́n jẹun bí ẹni tó ti àjò dé, àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta la ti í bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó fi oúnjẹ kan ẹnu. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ojú mi gan-an.

Wọ́n ní, "Irú rẹ̀ ò tó."

Mo bú sẹ́kún. Ohùn tí wọ́n fi ń bá mi wí nínú ilé ìdáná ìyá wa nìyẹn, kò yẹ̀ síbì kan! Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi, irú ibí gbẹ." Mo sá lọ sídìí fóònù, mo pe Kabíru níbi iṣẹ́, mo ní kó máa bọ̀, ìyá rẹ̀ ti dé, ìyá rẹ̀ ti mọ̀ mí. Ọmọ náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré dé tòun ti táì lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Mọ́mì? Mọ́mì, who is this?" Ó ń tọ́ka sí mi.

Wọ́n ti mú ìnujú. Wọ́n ká a, wọ́n tú u. Ọbẹ̀ ṣì wà létí ẹnu wọn.

Kabíru dìde, ó tú táì rẹ̀. Kò bínú sí mi, ìbá sàn kó bínú. Ó ní, "It's okay, Àǹtí." Mo kó àwo. N kò lè jẹ nínú ọbẹ̀ náà, mo sì dà á nù.

Òdòdó ń já

Àwọn òdòdó orí igi yẹn kì í pẹ́. Atẹ́gùn kan fẹ́ báyìí, wọ́n ti ń já bọ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ funfun báláú, ewé tútù ti gba ipò wọn lórí ẹ̀ka. Ooru ti ń bọ̀. Ilé arúgbó ti pe Kabíru pé àyè ti ṣí. Ìgbà tí ìjọba wọn fún mi láti lò náà ti ń tán lọ. N kò lè sùn, n kò sì lè jẹun, àdúrà pàápàá ti ń sú mi, Ọlọ́run dárí jì mí.

Sátidé tó gbẹ̀yìn, àwa mẹ́ta la jọ lọ sí ọgbà. Oòrùn rọ̀. Àwọn ènìyàn tẹ́ aṣọ wọn kiri, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Nígbà tí ìrun àsárì tó, a tẹ́ ẹní tiwa lábẹ́ igi kan tí òdòdó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èmi àti Àǹtí Rábì tò léjìká, Kabíru wà níwájú, òdòdó ń já lé wa lórí. A sálámà. Mo yíjú sí wọn bí mo ti máa ń ṣe.

Wọn kò tíì lọ. Ojú wọn mọ́ kedere, wọ́n sì ń wò mí.

Mo rọra ní, "Ṣé ẹ fẹ́ lọ sílé?"

Wọ́n ní, "Ilé wo?"

"Ìsẹ́yìn."

Ojú wọn là bí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti múra."

Mo pariwo, "Kabíru!" Ó ti gbọ́. Ìwọ̀nba Yorùbá tó ní tó gbé ìyẹn. Ó bá wa jókòó sórí ẹní. Ó ní, "Mọ́mì, Ìsẹ́yìn? With Àǹtí?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí wọn, mo ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Èmi ni màá mú yín lọ."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n wo ewú tó yọ lábẹ́ ìborùn mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tó pọ̀n mí, tó nà mí, tó kọ́ mí ní kéwú, wá dìde lórí ìjókòó, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún mi.

"Ẹ má bínú, mà," ni wọ́n wí, ohùn wọn rọ̀ bíi ti ọmọge tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣé púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá yín lọ. Àbúrò mi ni mò ń dúró dè. Ó ń bọ̀ wá mú mi. Tó bá dé tí ò bá mi níbí, ẹkún ló máa máa sun."

Mo ní, "Kí lorúkọ àbúrò yín?" Mo ti mọ̀ o, ṣùgbọ́n mo béèrè.

"Àjọkẹ́ ni, mà."

"Èmi ni Àjọkẹ́. Àǹtí Rábì, èmi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà dà bí àfojúdi. "Ẹ̀yin kẹ̀, mà? Àjọkẹ́ ò tíì tó báyìí. Ọmọdé ni."

Kabíru ń wo ẹnu mi, ó ń wo ẹnu wọn. "What did she say? Àǹtí, kí ni wọ́n sọ?"

Mo lè parọ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ̀ pé mo lè parọ́. Ó ti gbọ́ Ìsẹ́yìn, ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lọ, ìyókù wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n orí ẹní ìrun la wà. Àti pé báwo ni màá ṣe mú ọmọbìnrin yìí kúrò níbi tó ti ń dúró dè mí? Mo sọ ọ́ fún un bó ti rí gan-an, láìyọ ẹyọ kan kúrò. Ó gbọ́ ọ tán. Ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn òdòdó kúrò lára bàtà ìyá rẹ̀.

Mo gbé Àǹtí Rábì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n dì mí lápá mú, ìgbà kìíní tí wọ́n máa fọwọ́ kàn mí láti ìgbà tí mo ti dé.

Wọ́n ní, "Tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, mà, ẹ ní kó má sáré o, kó má baà ṣubú. Ẹ ní mo máa dúró dè é."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà. Màá sọ fún un."